Ohun tí ojú wa rí ní Àbíjàn

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko ẹni tó tóbi tó ti bàbá òun. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní àsìkò ìsinmi Àjíǹde ọdún 2025, nígbà tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì gbéra láti ìlú Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a forí lé Àbíjàn, ìlú tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire.

Kì í ṣe fàájì nìkan ni a bá lọ. Àkọ́bí wa obìnrin ti parí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, ó sì fẹ́ràn èdè Faransé débi pé ojú oorun ló kù tí kì í ti í sọ ọ́. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé yunifásítì ìlú Àbíjàn ni òun fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ní tòun bá ṣì wà láyé, ọmọ òun kò ní lọ sí Àbíjàn lọ kàwé. Odindi oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà nínú ilé wa bí egungun ẹja tó há sí ọ̀fun. Níkẹyìn, mo ní kí a jọ lọ wò ó ná. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìyàwó mi kò ṣàdédé kọ̀. Ọmọ Èjìgbò ni. Ó ní àbúrò bàbá kan tó wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn ní ọdún 1974, tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọdún méjì péré ni òun yóò lò. Ìyá náà retí rẹ̀ títí ó fi kú. Ọkùnrin náà kò fojú kan Èjìgbò mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, Àbíjàn náà ni wọ́n sì sin ín sí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìlú yẹn létí ìyàwó mi, ibojì ni ó ń rí.

Èjìgbò àti Àbíjàn

Òǹkàwé tí kò mọ Èjìgbò lè béèrè pé kí ló pa ìlú tí kò sí létí òkun pọ̀ mọ́ Àbíjàn. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń ta aṣọ, ohun ọ̀ṣọ́ àti oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Inísà, Ẹdẹ àti ìlú mìíràn náà tẹ̀lé wọn. Anàgó ni àwọn onílé ibẹ̀ ń pe gbogbo wa, wọn kì í sì í bi ọ́ léèrè bóyá Ọ̀yọ́ ni ọ́ tàbí Ìjẹ̀bú.

Bí o bá dé ọjà Èjìgbò lónìí, ìwọ yóò gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi èdè Faransé dúnàá dúrà láàárín ara wọn. Owó sẹ́fà ń jáde níbẹ̀ bí náírà, ọkọ̀ sì wà tí ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Àbíjàn tààrà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ óò rí ní ìlú náà, owó Àbíjàn ló kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Èjìgbò ní ọgbà yunifásítì tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí. Ìyàwó mi kò yé nàka sí i pé, "Yunifásítì ń bẹ lẹ́yìnkùlé wa, kí la fẹ́ lọ wá lókè òkun?"

Ọ̀nà jìn, ẹnubodè pọ̀

A kọ́kọ́ yà sí Àjárá ní Bàdágìrì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá abúlé èdè Faransé sí ní ọdún 1991. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé láti àwọn yunifásítì wa ti máa ń lọ lo àkókò láti fi èdè náà sọ̀rọ̀, dípò kí wọ́n lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ibi tó tòrò ni. Ọmọ wa dá ẹnìkan lóhùn lédè Faransé níbẹ̀, onítọ̀hún sì béèrè bóyá Kùtọnú ni wọ́n ti tọ́ ọ. Mo wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn.

Láti Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè mẹ́rin ló wà kí ènìyàn tó wọ Côte d'Ivoire: ti Nàìjíríà sí Bẹ̀nẹ̀, ti Bẹ̀nẹ̀ sí Tógò, ti Tógò sí Gánà ní Aflao, àti ti Gánà sí Côte d'Ivoire láàárín Elubo àti Noé. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀tọ̀, ìṣe ọ̀tọ̀. Ní ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ, ìwé ìrìnnà wa pé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wa pé, síbẹ̀ wọ́n ní kí a "kí" àwọn. Èmi ò kí wọn. Wọ́n dá wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí méjì, títí awakọ̀ fi lọ bá wọn sọ ohun tí n kò gbọ́. Bí a ti wọkọ̀, obìnrin arúgbó kan tó ti ń rin ọ̀nà náà láti ìgbà èwe rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà yìí ti gba owó lọ́wọ́ mi ju iye tí ilé mi ná mi lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń ṣú lọ kí a tó kọjá Grand-Bassam, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí iná Àbíjàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú omi níwájú wa.

Ìlú orí omi

Ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Ébrié ló yí Àbíjàn ká, ló sì pín in sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá mọ Èkó kò ní ṣàì rí ìbátan àwọn méjèèjì. Afárá Houphouët-Boigny ni àkọ́kọ́ nínú àwọn afárá ńlá tó so erékùṣù pọ̀ mọ́ òkè. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i. Ti Charles de Gaulle tẹ̀lé e ní 1967, ti Henri Konan Bédié dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, owó sì ni ọlọ́kọ̀ ń san kí ó tó gba orí rẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n tún ṣí afárá mìíràn láàárín Plateau àti Cocody, tí okùn irin gbé dúró bí háàpù.

Ìtàn kan wà nípa orúkọ ìlú náà. Wọ́n ní òyìnbó kan bá bàbá arúgbó kan lọ́nà tó ru ewé bọ̀ láti oko, ó sì béèrè orúkọ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kò gbọ́ èdè rẹ̀; ó rò pé ohun tí òun lọ ṣe ló ń béèrè, ó sì dáhùn ní èdè tirẹ̀ pé òun lọ já ewé ni. Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ bí orúkọ ìlú. Bí òótọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, a jẹ́ pé àṣìgbọ́ ló bí orúkọ ìlú ńlá tí iye ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù márùn-ún.

Àbíjàn kò ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ olú-ìlú. Grand-Bassam ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ní 1893, kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó ibẹ̀ ní 1899, tí wọ́n fi kó lọ sí Bingerville. Nígbà tó yá ni ipò náà kan Àbíjàn, ní 1934. Ní 1983, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny gbé e lọ sí Yamoussoukro tó jẹ́ ìlú bíbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbíjàn náà ni òwò àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ṣì wà. Àwa tí a rí bí wọ́n ṣe kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Ọkọ̀ gbaka ni dáńfó tiwọn. Takisí tí ọ̀pọ̀ èrò jọ ń wọ̀ ni wọ́n ń pè ní wôrô-wôrô, èyí tó túmọ̀ sí "mẹ́fà-mẹ́fà" ní èdè Jùlá. Márùn-ún-márùn-ún ni àwọn Jùlá fi ń ka owó sẹ́fà, nítorí náà mẹ́fà wọn jẹ́ ọgbọ̀n fráǹkì, iye tí ọkọ̀ náà ń gbà láyé àtijọ́. A wọ̀ ọ́ lọ sí Plateau, níbi tí ilé gogoro ti tò bí àgbàdo. A wo ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, èyí tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1985. Ilé náà dà bí ènìyàn ńlá kan tó na apá méjèèjì sẹ́yìn, tó ń wọ́ aṣọ rẹ̀ nílẹ̀.

Oúnjẹ wọn kò jìnnà sí tiwa. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe attiéké, tó dà bí gààrí tí wọ́n fi ooru omi sè, tí kò sì kan bíi tiwa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Dòdò ni alloco. Ọmọ wa ọkùnrin jẹ méjèèjì pẹ̀lú ẹja díndín, ó ní òun kò wálé mọ́. Ẹni tó ta oúnjẹ náà mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, ó na ìka méjì sókè, ó tún na ẹyọ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024 ni ó ń rán wa létí, nígbà tí Troost-Ekong ti kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún wa, kí Kessié àti Haller tó gbẹ̀san. Ọmọ mi ní kí ó má gbàgbé pé àwa la kọ́kọ́ nà wọ́n ní oókan sí òdo nínú ìdíje kan náà. Obìnrin náà fi ẹja kan kún un fún un.

Nínú ọgbà Cocody

Ọjọ́ kẹta ni a lọ sí yunifásítì. Ní 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira di Yunifásítì Àbíjàn. Ní 1996 ni wọ́n pín in, tí ọgbà Cocody, ọgbà Abobo-Adjamé àti ti ìlú Bouaké fi dá dúró. Ní 2012 ni Cocody gba orúkọ Félix Houphouët-Boigny, tí Abobo-Adjamé sì di Nangui Abrogoua.

Ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò, igi sì bo ojú ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn oníṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́ wà nítòsí. Àwọn ọmọ náà jókòó lábẹ́ igi, ìwé lọ́wọ́, fóònù lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ti rí wọn ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Ọmọ wa lọ bá wọn, ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí òkúta kan, a ń wò ó.

Òótọ́ kan ni pé àlàáfíà kò fìgbà gbogbo wà nínú ọgbà yìí. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, Laurent Gbagbo, tó ti jẹ́ olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì náà rí, kọ̀ láti gbé ipò sílẹ̀ fún Alassane Ouattara. Ìjà náà gba ẹ̀mí nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yunifásítì ní 2011, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣí i padà lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ FESCI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ti lágbára nígbà kan débi pé Guillaume Soro àti Charles Blé Goudé tó ṣe olórí rẹ̀ rí di ẹni ńlá nínú òṣèlú. Àmọ́ àdá àti kùmọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìwà ipá ti gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba tú ẹgbẹ́ náà ká. Ìyàwó mi gbọ́ èyí, ó ní, "Ṣé o rí i?"

Mo ní mo rí i. Mo wá bi í pé ọdún wo ni àwọn olùkọ́ yunifásítì tiwa yan iṣẹ́ lódì láti ọjọ́ Àyájọ́ Olólùfẹ́ títí di àárín oṣù Kẹwàá. Ó mọ̀ pé 2022 ni, nítorí àbúrò rẹ̀ wà nílé fún oṣù mẹ́jọ yẹn. Mo tún bi í bóyá kò sí ẹgbẹ́ òkùnkùn nínú àwọn ọgbà tiwa. Kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí ní Kùtọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè nítorí pé ẹnìkan ní ó rọrùn láti wọ̀. Yunifásítì ìjọba tó ti lé ní 60 ọdún kì í ṣe ẹgbẹ́ yàrá mẹ́ta lókè ilé epo. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ nílé kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ yóò jókòó bí adití lọ́jà.

Ilé tó wà ní Treichville

Ọjọ́ kejì ni a tó lọ sí Treichville, lọ sí ilé àbúrò bàbá ìyàwó mi. Ìyàwó rẹ̀, opó tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ṣí ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, màmá náà fa orí rẹ̀ mọ́ra, ó ń kì í ní oríkì ilé wọn ní Èjìgbò. Mo rí omi lójú ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ dé láti ilé-ẹ̀kọ́, tí ìyàwó mi kí wọn pé, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí àgbà nínú wọn, tó wà ní yunifásítì tí a lọ wò lánàá, dáhùn lédè Faransé pé òun ń tọrọ àforíjì, òun kò gbọ́. Ọmọ wa ló di ògbufọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti ìbátan ìyá rẹ̀. Ìyẹn dùn mí wọra.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó mi béèrè ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ láti kékeré. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí bàbá wa kò fi wálé? Ìyá wọn retí wọn kú."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe Àbíjàn ló dè é mọ́lẹ̀, ọmọ mi. Ojú ló ń tì í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjà rẹ̀ jóná. Ọdọọdún ni ó ń palẹ̀ mọ́ láti máa bọ̀ wá ṣe ọdún Ògìyán. Ọdọọdún ni ó sì ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti kọ́lé, pé kí ni òun yóò gbé dání wọ̀lú. Ó ní kí òun kó jọ ná. Ibi tó ti ń kó jọ ni ikú bá a."

Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tún fi kún un pé, "Ẹ̀yin nílé lẹ̀ ń wo ọwọ́ ẹni tó bá ti Àbíjàn dé. Ẹ kì í wo ojú rẹ̀."

Ìtìjú tí a fi ń kọrùn bọ ọmọ wa lẹ́nu iṣẹ́ òkèèrè pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fẹnu sọ. Ẹni tó dé láti òkè òkun, a ó kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀ kí a tó béèrè bí ara rẹ̀ ti le. Mélòó nínú àwọn tí a ní ìlú àjèjì gbé mì ni ó jẹ́ pé ọwọ́ òfo ló há wọn sọ́hùn-ún?

Grand-Bassam, àti ọ̀rọ̀ tí a fi bọ̀

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a yà ní Grand-Bassam. UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ayé láti 2012. Ilé àwọn amúnisìn ṣì dúró létí òkun, òrùlé wọn ti já, igi ti wọ fèrèsé òmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1949, àwọn obìnrin, tí Marie Koré wà lára wọn, wọ́de wá láti Àbíjàn sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ibẹ̀, pé kí Faransé tú àwọn olóṣèlú wọn sílẹ̀. Òǹkọ̀wé Bernard Dadié wà nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ní oṣù Kìíní ọdún kan náà ni ìjà Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ wa obìnrin dúró níwájú ibi tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, ó ní, "Dádì, wọ́n wọ́de lédè méjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ."

Ìyá rẹ̀ fà á sápá kan létí òkun. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìparí rẹ̀. Ó ní, "Kọ́kọ́ wá ìwé rẹ dáadáa, kí bàbá rẹ lọ béèrè gbogbo ohun tó yẹ ní béèrè. Bí ó bá bọ́ sí i, lọ. Ilé màmá wa ní Treichville ni o máa dé sí, wà á sì kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní Yorùbá, wọn á kọ́ ọ ní èdè tiwọn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: bí ọ̀nà bá le, bí o kò bá yege, bí owó bá tán, máa bọ̀ wálé. Ọwọ́ òfo ni kí o gbé wá. A kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, àfi pé ṣé o ti jẹun."

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lókè òkun tàbí tí ó fẹ́ lọ, ẹ bá mi sọ gbólóhùn yẹn fún un kí ó tó wọkọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àní bí oko kò bá tilẹ̀ so.